Àtàǹpàkò Kan, Ìbọn Mẹ́ta

Ẹni tó bá ti lọ ra páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀, ní Mushin, mọ̀ pé kì í ṣe iye owó tó wà lápò òun ni ọlọ́jà yóò kọ́kọ́ bèèrè. "Mọ́tò wo ni? Ọdún wo ni?" Bí ó bá ní Corolla ni, wọn á tún bi í pé èwo nínú Corolla, torí iná iwájú ti ọdún kan lè má wọ ti ọdún mìíràn. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, bàbá kan ní àdúgbò wa ní takisí mẹ́rin: Pijó 504 kan, Datsun kan, Mazda kan àti Fọ́ọ̀sì ìjàpá kan. Mẹkáníìkì mẹ́rin ni wọ́n ń bẹ̀, yàrá ẹrù wọn sì kún fún irin tí kò lè ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ta mẹ́ta, wọ́n fi owó rẹ̀ ra Pijó méjì kún èyí tó kù. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá oògùn fún àwọn yòókù. Àwọn dírẹ́bà wọn náà sinmi, torí ẹni tó bá jókòó sídìí èyíkéyìí nínú wọn mọ ibi tí jíà wà láìwo ọwọ́.

Bàbá yìí ni mo rántí ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣí àpótí irin ńlá kan nínú yàrá wọn, tí wọ́n fi ìbọn ìléwọ́ méje hàn mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní ogún ọdún lọ́hùn-ún. Nílé, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú, àfi bí ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ṣakabùlà ọdẹ wà ní ìpele tirẹ̀ tó rọrùn ju ìyẹn lọ. Ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe kejì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn, tó ti wà láti 1791, sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Mo mọ èyí kí n tó débẹ̀, síbẹ̀ àyà mi já. Ẹ̀gbọ́n mi rí ojú mi.

"Àbúrò, ẹ̀rù ń bà ọ́? Méje yìí ń ba èmi náà lẹ́rù. Ìdí tí mo fẹ́ fi dín wọn kù nìyẹn."

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kó wọn jọ: 1911 kan, Beretta 92FS kan, SIG P226 kan, Glock 22 kan, Glock 19 kan, Shield kékeré kan tí Smith & Wesson ṣe, àti revolver kan, ìbọn oníhò mẹ́fà tó ń yípo. Oríṣi ọta mẹ́rin ni àwọn méje yìí ń jẹ. Máàgásíìnì tí ọta ń gbé inú rẹ̀ kò wọ ọ̀kan sí èkejì. Apó tí wọ́n ń fi ọ̀kan há ìgbàdí kò gba òmíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, owó àti ààyè ló ń jẹ. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù kọ́ nìyẹn.

Wọ́n yọ ọta kúrò nínú gbogbo wọn, wọ́n wá to mẹ́ta síwájú mi lórí tábìlì. Lára 1911, irin pẹlẹbẹ kan wà lápá òsì tó ń ti ìbọn náà pa bí ìdábùú ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Bí àtàǹpàkò bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ìdábùú ṣí nìyẹn, ìbọn ti ṣe tán. Beretta náà ní irin tirẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ló wà, lára irin tó ń sáré lọ sẹ́yìn bí ìbọn bá dún. Bí àtàǹpàkò bá tẹ èyí sísàlẹ̀, títì ló tì í. Tírígà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ àfi bí ènìyàn bá gbé irin náà sókè padà. Lára SIG, irin kan wà lápá òsì bíi ti 1911, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ti nǹkan kan, kò sì ṣí nǹkan kan. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, òòlù ẹ̀yìn ìbọn ni yóò rọra wálẹ̀, tírígà yóò sì gùn, yóò wúwo fún ọta àkọ́kọ́. Àtàǹpàkò kan náà ni, ìṣe kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ wá di mẹ́ta.

Ní pápá ìyìnbọn, lọ́jọ́ tí aago ń ka ìṣẹ́jú àáyá mọ́ wọn lórí, wọ́n fa Beretta yọ nínú apó, àtàǹpàkò wọn sì ṣe ohun tó ti ń ṣe lára 1911 láti ọdún mẹ́wàá. Wọ́n fa tírígà, kò sí ìró kankan. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ìbọn náà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kọ̀ láti dá a lóhùn. "Ìbọn náà kò ní ẹ̀bi," ni wọ́n wí fún mi. "Ọwọ́ mi ṣe ohun tí mo fi kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pé olè ló dúró níwájú mi ńkọ́? Èyí tó burú jù, bí ó bá jẹ́ pé mo rò pé mo ti tì í pa, tí n kò tì í pa ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé ka orí bàbá àgbà wa, tó bí bàbá tèmi àti bàbá tiwọn. Ọdẹ ni wọ́n, ṣakabùlà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní títí wọ́n fi papò dà. Wọ́n mọ iye ẹtù tó ń jẹ. Wọ́n mọ̀ pé ọta rẹ̀ máa ń fì sọ́tùn-ún díẹ̀. Lóru, lábẹ́ iná karábáìdì tí wọ́n so mọ́ iwájú orí, ọwọ́ wọn ló ń bá ìbọn náà sọ̀rọ̀, ojú wọn ń bẹ lára ẹran. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n wá ra ọ̀kan tó tuntun, tó ń dán, wọ́n á dúpẹ́, wọn kò sì ní gbà á. Bí a ṣe jẹ́ ọmọdé, ahun la kà á sí.

Bàbá àgbà tilẹ̀ ní ìdí mìíràn. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ìbọn náà nìkan ló lè tún un ṣe. Bí irin kékeré kan bá ṣẹ́ lára rẹ̀, alágbẹ̀dẹ náà yóò rọ òmíràn nídìí ẹwìrì, yóò fi fáìlì máa gé e, yóò máa dán an wò, títí irin náà yóò fi jókòó. Irin ìbọn ọdẹ kan kì í wọ ti ọdẹ kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan náà ló rọ méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nígbà kan. Ní 1785, Thomas Jefferson, tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Faransé kó tó di ààrẹ, dé ibi iṣẹ́ oníbọn kan tó ń jẹ́ Honoré Blanc. Blanc ti tú ẹ̀rọ tó ń dáná sí ìbọn palẹ̀, àádọ́ta wọn, ó sì kó irin wọn sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Jefferson mú irin bó ṣe bá ọwọ́ rẹ̀, ó tò wọ́n pọ̀, wọ́n jókòó láìsí pé ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan. Ó kọ̀wé sílé nípa rẹ̀ pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ní Harpers Ferry, tó wà ní ìpínlẹ̀ Virginia nígbà náà, ní àárín ọdún 1820 sí 1830, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Hall ló wá fi ẹ̀rọ ṣe é débi pé irin ìbọn kan ń wọ ti èkejì ní tòótọ́. Ládípọ̀ tí à ń ná lónìí, inú ìyẹn ló ti wá.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà mọ iyì èyí. Ọdún 1911 ni wọ́n gbé ìbọn ìléwọ́ tó ń jẹ́ orúkọ ọdún yẹn wọlé, ó sì wà lọ́wọ́ wọn títí di 1985 tí Beretta fi gbapò rẹ̀. Ní 2017 wọ́n mú SIG P320 ní oríṣi méjì, M17 tó gùn àti M18 tó kúrú. Ọ̀kan náà ni wọ́n nínú. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ èkejì. Platform ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú èyí. Èmi ń pè é ní ìdílé, torí bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ìdílé tí ẹ̀gbọ́n mi yàn ni Glock. Gaston Glock, ará Austria, kò ṣe ìbọn rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ èyí. Ọ̀pá kọ́tìnnì àti ọ̀bẹ wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ní 1982 àwọn ọmọ ogun Austria gba ìbọn rẹ̀, Glock 17, tí ara rẹ̀ jẹ́ ike líle tí irin rẹ̀ sì wà lókè. Irin tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ láti ti ìbọn tàbí láti ṣí i kò sí lára rẹ̀. Ahọ́n kékeré kan wà lójú tírígà fúnra rẹ̀; bí ìka kò bá tẹ ahọ́n yẹn, tírígà kò ní lọ sẹ́yìn. Ìka ẹni ni ìdábùú nìyẹn, pẹ̀lú apó líle tó bo tírígà. Ẹni tí kò bá lè kó ìka rẹ̀ níjàánu, kó má sún mọ́ ọn rárá.

Nínú ìdílé yìí, Glock 17 ni àkọ́bí tó tóbi, Glock 19 tẹ̀ lé e, Glock 26 ló kéré jù nínú àwọn mẹ́ta. Ọta 9mm kan náà ni àwọn mẹ́ta yìí ń jẹ. Máàgásíìnì wọn dà bí ẹ̀wù ọmọ ìyá: ti ẹ̀gbọ́n ń wọ àbúrò bí ó tilẹ̀ gùn jù ú, ti àbúrò kò dé ara ẹ̀gbọ́n. Èyí tó ń gba ọta 17 fún Glock 17 yóò wọ 26 dáadáa, yóò kàn yọ ìdí nísàlẹ̀ ni. Èyí tó ń gba ọta 10 fún 26 kò lè dé ibi tó yẹ nínú 17. Ibi tí wọ́n ń wò láti fojú sùn, bí tírígà ṣe ń fà, bí a ṣe ń tú wọn palẹ̀, kò yàtọ̀. Ẹni tó fi 17 kọ́ ìbọn ní pápá kò ní di àlejò lọ́wọ́ 26.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ta Glock 22, ó ṣe tán, ìdílé kan náà ni. Wọ́n gbé e síwájú mi pẹ̀lú 17 tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ìbejì ni wọ́n lójú, n kò mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n .40 ni ọta 22, ó tóbi ju 9mm lọ. Ẹni tó bá ṣe kánkán lè ki ọta 9mm bọ inú ìbọn .40. Láti 1990 ni .40 yìí ti dé, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ti ń wá ọta tó lágbára sí i nítorí àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó kú nínú ìjà ìbọn kan ní Miami ní 1986. Nígbà tó di 2016, FBI fúnra wọn ti padà sí 9mm, Glock ni wọ́n sì rà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìbejì tí oúnjẹ wọn yàtọ̀ kò yẹ kó máa jẹun lórí tábìlì kan, mo sì rò pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, èyí ló bọ́gbọ́n mu jù.

N kò sọ pé Glock ló dára jù lọ. Ọwọ́ ẹlòmíràn kéré, bí ìdí ìbọn náà ṣe dagun sẹ́yìn kò sì bá ọrùn ọwọ́ gbogbo ènìyàn lára mu. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìdílé P320 tàbí òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ ni kó fi yàn, kó má fi òkìkí yàn. Ewu tún wà nínú kí gbogbo ohun tí ènìyàn ní jẹ́ ti ìdílé kan. Ní oṣù kẹjọ 2017, SIG sọ pé àwọn tó ní P320 lè dá a padà fún àtúnṣe bí wọ́n bá fẹ́, lẹ́yìn tí ó hàn pé ó lè yìn fúnra rẹ̀ bí ó bá ṣubú lọ́nà kan. Glock náà pààrọ̀ sípíríǹgì àwọn ìbọn ìran kẹrin wọn ní 2011. Ẹni tó ní mẹ́ta, mẹ́ta ló kan. Bàbá onípijó àdúgbò wa náà rí irú rẹ̀ lọ́dún tí páàtì Pijó wọ́n gógó.

Wọ́n ta márùn-ún. Òfin Texas gbà wọ́n láyè láti tà á fún ará ìpínlẹ̀ kan náà lọ́wọ́ sí ọwọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀. Ilé ìtajà tó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kó o lọ, kí ẹni tó bá rà á lè kọ́kọ́ kọ orúkọ sílẹ̀, kí ìjọba sì wádìí rẹ̀. Owó kékeré ni ilé ìtajà náà san. Síbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ ju bí wọ́n ṣe lè gba owó ńlá lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Ọjọ́ tí 1911 lọ, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun alẹ́. Revolver ni wọn kò tà: bàbá ìyàwó wọn, ará Louisiana, ló fún wọn kí bàbá náà tó jáde láyé. Ó wà nínú aṣọ lẹ́yìn àpótí, ọta rẹ̀ kan kò sì sí nínú ilé mọ́.

Kí n tó padà wálé, wọ́n ní kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń fọ Glock 19. Láti tú Glock, èèyàn gbọ́dọ̀ fa tírígà rẹ̀ kí irin òkè tó lè bọ́. Beretta àti SIG tí wọ́n tà kò nílò ìyẹn. Ọta kan tí a gbàgbé nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn nídìí fífọ̀. Wọ́n yọ máàgásíìnì, wọ́n fa irin òkè sẹ́yìn, wọ́n dì í mú síbẹ̀, wọ́n wo inú ihò tí ọta ń sùn sí, wọ́n ti orí ọmọ-ìka wọn bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ náà, wò ó." Mo wò ó. Wọ́n ní kí n fi ìka sí i. Mo fi ìka sí i, òfìfo ni, ó tutù. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbà á padà, tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí àpò iyanrìn tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, tí wọ́n wá fa tírígà.