Ọpọ́n Ifá tí bàbá kò rí gbẹ́ parí: ta ni yóò parí rẹ̀?

Bí agbẹ́gilére bá kú ní Ìsẹ̀, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ẹmùré, àwọn ọmọ á sin ín, wọn á pín aṣọ, wọn á pín oko. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á ṣí yàrá tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́, á sì bá ọpọ́n Ifá kan níbẹ̀ tí a gbẹ́ dé ìdajì. Ojú Èṣù ti yọ lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n etí ọpọ́n ṣì wà lóbòró. Ọmọ kan á ní kí wọ́n parí rẹ̀. Èkejì á ní kí wọ́n tà á. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ onígbàgbọ́, á ní kí wọ́n dáná sun ún. Bí ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé nìyẹn.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Àwọn òyìnbó ní káàdì kan tí wọ́n ń pè ní tarot, tí àwọn kan nínú wọn fi ń wádìí ọjọ́ iwájú bí babaláwo ṣe ń fi odù 256 wádìí ọ̀ràn. Káàdì náà jẹ́ 78. Lọ́dún 1938, obìnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Frieda Harris bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ya gbogbo rẹ̀ fún Aleister Crowley. Ọdún 1943 ni iṣẹ́ náà tó parí. Crowley kú lọ́dún 1947, Harris kú lọ́dún 1962. Ọdún 1969 ni wọ́n tó tẹ àwòrán náà jáde bíi káàdì. Àwọn tó ṣe é kò fojú rí i.

Ti Niki de Saint Phalle yàtọ̀. Obìnrin ará Faransé yìí kọ́ ọgbà ńlá kan sí Tuscany ní Ítálì, ó sì fi ère ńláńlá 22 inú tarot síbẹ̀. Wọ́n ṣí ọgbà náà fún aráyé lọ́dún 1998. Ó ti sọ ọ́ kó tó kú pé bí òun bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohun tuntun kún un. Nígbà tó kú lọ́dún 2002, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé ni wọ́n fi iṣẹ́ sí.

Ẹ ò rí i pé ohun àkọ́kọ́ ni kí á béèrè bóyá olóògbé fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá sọ nǹkan kan ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ ọnà wa fúnra rẹ̀ ṣe rí.

Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére wa máa ń to iṣẹ́ sí. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké la igi kí ìrísí ère lè yọ. Àlétúnlé ló tẹ̀lé e, níbi tí orí, ojú àti apá ti ń hàn dáadáa. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ fá a kí ó lè jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, tí wọ́n ń fi ẹnu ọ̀bẹ fín irun, ìlà ojú àti ọnà etí. Ọ̀gá kì í sábà dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọmọ iṣẹ́ lè fá ère títí yóò fi dán, kí ọ̀gá tó wá fín in. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń gba ọwọ́ ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ wo ìdílé Àreògún ti Òsí-Ìlọrin, ìlú tí kò jìnnà sí ààlà Èkìtì. Agbẹ́gilére ńlá ni Àreògún, ó kú lọ́dún 1954. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, di gbajúmọ̀ agbẹ́gilére, ṣùgbọ́n ọwọ́ Òṣámúkọ̀, tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ló ti kọ́ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ bàbá ṣe gba ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ padà sọ́dọ̀ ọmọ bíbí.

Nígbà tí Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahoney dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ́dún 1947, Bándélé wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ tó jogún lára àwọn tó ń gbẹ́ ère òrìṣà ló fi gbẹ́ ère fún ṣọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó kú lọ́dún 2009, ti kọ́ iṣẹ́ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn káàkiri ayé. Mùsùlùmí sì ni Làmídì. Kí ẹni tó fẹ́ dáná sun ọpọ́n bàbá rẹ̀ rántí èyí.

Ní Ìsẹ̀ níhìn-ín, ta ni kò mọ orúkọ Ọlọ́wẹ̀? Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni wọ́n ti bí i, ààfin Arínjalẹ̀ ló ti dàgbà sídìí iṣẹ́. Òun ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Lọ́dún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan nínú wọn lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú London fẹ́ gbà á, Ògògà kò tà á fún owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dí àlàfo náà. Ó ṣeé ṣe nítorí pé ó wà láàyè. Láti 1938 tó ti kú, bí ilẹ̀kùn kan bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí òyìnbó lọ́dún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Oríkì yẹn wà lára ohun tí a fi mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lónìí.

Kí wá ni kí ọmọ ṣe? Kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá babaláwo kan ló bẹ bàbá níṣẹ́, tó ti san àsansílẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọpọ́n oní-ǹkan ni, kì í ṣe ogún. Lẹ́yìn náà, kí ó wo ìpele tí iṣẹ́ dé. Bí ó bá jẹ́ ọnà lílé nìkan ni bàbá ṣe, ẹni tó bá parí rẹ̀ ló ni ère, kò yẹ kó fi orúkọ bàbá tà á. Bí ó bá jẹ́ fínfín ló kù, kí ó wá ọmọ iṣẹ́ bàbá lọ, nítorí òun ló mọ bí ọwọ́ bàbá ṣe máa ń rìn. Kí ó sì rántí pé àárín ọpọ́n tí a kò fín rárá ni babaláwo ń da ìyẹ̀rosùn sí láti tẹ odù. Etí ni ọnà wà. Ọpọ́n tí àárín rẹ̀ bá ti dán lè ṣiṣẹ́, bí etí rẹ̀ kò tilẹ̀ parí.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Ẹ kọ orúkọ bàbá, ọdún tó kú àti ibi tí iṣẹ́ dé sínú ìwé, kí ẹ fi pa mọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń wọ abúlé kiri láti ra ère àtijọ́. Òfin ọdún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Yorùbá ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni í fi rọ́pò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dágbà sójú kan náà tí ìyá rẹ̀ wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ń hù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá parí iṣẹ́ bàbá fi ojú ibi tí ọwọ́ bàbá parí sí hàn, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ọwọ́ méjèèjì.