Íńdíà, Aláàárù Ojú Òfuurufú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2022, sátẹ́láìtì 36 ti ilé-iṣẹ́ OneWeb ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ní Baikonur, ní Kazakhstan, ó ku kí wọ́n tan iná sí i. Ogun Ukraine ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ni. Rọ́ṣíà yarí: àfi kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọwọ́ ìpín rẹ̀ kúrò nínú OneWeb, kí wọ́n sì fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ológun kò ní í lò ó. Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ jálẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀ nìyẹn, tí ẹrù sì há sọ́dọ̀ aláàárù.

OneWeb ní láti wá ẹlòmíràn tí yóò gbé èyí tó kù. SpaceX ti Amẹ́ríkà gbé lára rẹ̀, Íńdíà náà sì gbé 72: mẹ́rìndínlógójì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2022, iye kan náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2023. Erékùṣù Sriharikota, létí òkun Bengal, ni wọ́n ti gbéra. LVM3, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ga ju mítà 43 lọ tó sì wọn nǹkan bí tọ́ọ̀nù 640, ló gbé wọn. Owó iṣẹ́ méjèèjì lé ní bílíọ̀nù 10 rúpìí. Ẹ má sì gbàgbé pé Bharti, ilé-iṣẹ́ Íńdíà tó ni Airtel tí púpọ̀ nínú wa fi ń pe ara wa, wà lára àwọn tó ni OneWeb. Ojú ṣáà mọ ojú.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1969 ni wọ́n dá ISRO sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n Thumba, abúlé apẹja kan ní Kerala, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Vikram Sarabhai, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣíwájú wọn, yan ibẹ̀ nítorí pé ìlà agbedeméjì agbára òòfà ayé gba ìtòsí rẹ̀ kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan wà lórí ilẹ̀ náà. Bíṣọ́ọ̀bù bá ìjọ sọ̀rọ̀, ìjọ yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀ṣì, ilé Ọlọ́run sì di ọ́fíìsì àti ibi iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwòrán kan láti ìgbà náà ṣì ń jà rànyìn títí dòní: kẹ̀kẹ́ ológeere kan tí wọ́n ń tì lọ, tí ṣóńṣó orí rọ́kẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí èèyàn ì bá jókòó sí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ gbéra níbẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1963, kì í ṣe tiwọn pàápàá. Ti Amẹ́ríkà ni.

Ọdún 16 kọjá kí wọ́n tó dán tiwọn tó lè gbé sátẹ́láìtì wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, SLV-3 já sínú òkun Bengal. Abdul Kalam ni ọ̀gá iṣẹ́ náà, àmọ́ Satish Dhawan, alága ISRO, ló jáde sí àwọn oníròyìn tó sì gba ẹ̀bi. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1980 tí ó yọrí sí rere, ó ní kí Kalam lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Kalam yìí náà ló wá di ààrẹ Íńdíà ní ọdún 2002. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé iṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ tiwa, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi dúró lórí ìyẹn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń rówó níbẹ̀? PSLV ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi dá ọjà náà sílẹ̀. Sátẹ́láìtì tiwọn, èyí tó ń ya àwòrán oko, odò àti etíkun, ni wọ́n ṣe é fún. Bí àyè bá ṣẹ́ kù lórí rẹ̀, wọ́n a tà á fún ẹni tó bá ní ẹrù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1999, wọ́n gbé ti Kòríà kan àti ti Jámánì kan mọ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2017, wọ́n gbé 104 lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ayé sì patẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹrù ọ̀hún dáadáa: 88 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Planet ti Amẹ́ríkà, èyí tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò ju nǹkan bíi kílò 5 lọ. Èyí tó tóbi jù nínú sátẹ́láìtì Íńdíà tó wà láàárín wọn wọn kílò 714, ó ju ìdajì gbogbo ẹrù náà lọ. Ìjọba ti sanwó ọkọ̀ kí àwọn àlejò tó wọlé.

Ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi kéré sí ariwo rẹ̀. Ní ọdún 2023, mínísítà tó ń bójú tó ètò náà, Jitendra Singh, sọ pé gbogbo ohun tí Íńdíà ti rí nídìí gbígbé sátẹ́láìtì ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ mílíọ̀nù 174 dọ́là àti mílíọ̀nù 256 yúrò. Kò tó ìdajì ohun tí ìjọba ń ná lórí ètò òfuurufú lọ́dún kan. Owó àárù ni, kì í ṣe owó ọlọ́jà. Ọlọ́jà ni ẹni tó ń ta àwòrán, íntánẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n tí sátẹ́láìtì ń gbé wá sílé wa. Íńdíà mọ̀ bẹ́ẹ̀: nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà òfuurufú àgbáyé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, bílíọ̀nù 8.4 dọ́là, ó sì fẹ́ kó di bílíọ̀nù 44 ní ọdún 2033. Òun ló fi dá NSIL sílẹ̀ ní ọdún 2019 láti máa tajà fún ìjọba, tó sì ní kí IN-SPACe máa fún àwọn aládàáni níwèé àṣẹ.

Antrix ló ń tajà náà ṣáájú NSIL, láti ọdún 1992, ó sì fojú rí màbo. Ó bá ilé-iṣẹ́ Devas ṣe àdéhùn ní ọdún 2005, ìjọba fagi lé e ní ọdún 2011, àwọn onílàjà òkèèrè sì dá Antrix lẹ́bi ní ọdún 2015 pé kó san mílíọ̀nù 562.5 dọ́là. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà sọ ní ọdún 2022 pé jìbìtì ni wọ́n fi dá Devas sílẹ̀. Ẹnì yòówù kó jàre, owó tí wọ́n bù lé Antrix lórí nínú ìwé àdéhùn kan ṣoṣo ju gbogbo owó àárù tí mínísítà kà sílẹ̀ lọ.

Ìṣòro wúwo míì tún wà nídìí ẹrù ńlá. Ìmọ̀ ẹ́ńjìnì tó ń lo epo olómi tó tutù rinrin ni Íńdíà fẹ́ rà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Amẹ́ríkà dí i lọ́nà ní ọdún 1993. Oṣù kìíní ọdún 2014 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lo ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe fúnra wọn tó ṣàṣeyọrí. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ní sátẹ́láìtì GSAT-N2 tó wọn kílò 4,700, SpaceX ni wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti Florida. PSLV tí wọ́n gbójú lé pàápàá kùnà ní oṣù karùn-ún ọdún 2025.

Ilẹ̀ Sriharikota fúnra rẹ̀ ń jẹ wọ́n lówó. Sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ayé sábà máa ń gba àríwá sí gúúsù ni. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá kọrí sí gúúsù tààrà láti ibẹ̀, orí Sri Lanka ni yóò gbà, bẹ́ẹ̀ àwọn apá rẹ̀ tó bá ti jó tán a máa já bọ́. Ó ní láti yà bàrá lójú ọ̀run, epo a sì ṣòfò. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá lè fara da ìyẹn. SSLV, rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kékeré, kò lè fara dà á. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi òkúta ìpìlẹ̀ ibùdó tuntun lélẹ̀ ní Kulasekarapattinam, ní gúúsù Tamil Nadu, ní oṣù kejì ọdún 2024.

Ní Áfíríkà, Algeria ti fún Íńdíà ní ẹrù gbé. Nàìjíríà ní tirẹ̀ gbé NigeriaSat-1 lọ sí Rọ́ṣíà ní ọdún 2003, ó gbé NigComSat-1 lọ sí Ṣáínà ní ọdún 2007, àti NigComSat-1R tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2011 nígbà tí ti àkọ́kọ́ ti kú. Èyí tí àwọn ará yunifásítì FUTA, Àkúrẹ́, lọ́wọ́ sí, rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX ló gbé e ní ọdún 2017. Ní Ẹ̀pẹ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba àpapọ̀ ní ibùdó ìwádìí kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tún gbọ́ pé Abuja fẹ́ fi sátẹ́láìtì tuntun ránṣẹ́, ẹ bi àwọn aṣòfin yín léèrè ta ni yóò gbé e, èló ni yóò gbà, àti èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Ẹ̀pẹ́ lọ́dún náà.