Antigonish, Ìlú Kékeré Tó Gba Àlejò Tọwọ́tẹsẹ̀

Ó tó wákàtí méjì kí ọkọ̀ tó gbé wa láti Halifax dé Antigonish, ní ìpínlẹ̀ Nova Scotia lórílẹ̀-èdè Kánádà. Igbó àti pápá ni mò ń rí lọ́tùn-ún lósì. Ìlú náà kò tóbi rárá: nínú ètò ìkànìyàn 2021, àwọn olùgbé ibẹ̀ kò pé 5,000.

Mo fẹsẹ̀ rin Main Street, mo kọjá lára àwọn ṣọ́ọ̀bù, mo wo kàtídírà St. Ninian tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mo sì yà sí Yunifásítì St. Francis Xavier. Ibi tí mo ti dúró pẹ́ jù ni Coady Institute. Orúkọ àlùfáà Moses Coady ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tó kó àwọn apẹja àti àgbẹ̀ agbègbè yìí jọ láyé ìgbà tí nǹkan le koko, tó kọ́ wọn láti dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, kí àwọn alágbàtà yé rẹ́ wọn jẹ. Ẹni tó bá ti bá wọn ṣe alájẹṣẹ́kù nílé yóò tètè mọ irú ìlú tí èyí jẹ́.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù Peace by Chocolate. Òórùn ṣokoléètì gba gbogbo inú ilé. Wọ́n kọ "àlàáfíà" sára páálí ní oríṣiríṣi èdè: Lárúbáwá, Faransé, títí kan èdè àwọn Mi'kmaq tó ni ilẹ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìdílé Hadhad láti Damásíkù, lórílẹ̀-èdè Síríà, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ní 1986 ni bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣokoléètì lọ́hùn-ún. Ní 2012, nígbà tí ogun ń jà níbẹ̀, bọ́ǹbù ba ilé iṣẹ́ náà jẹ́, wọ́n sì sá lọ sí Lẹ́bánọ́nì. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn ará Antigonish dá sílẹ̀ ló dúró fún wọn kí wọ́n lè wá sí Kánádà. Tareq, ọmọ wọn tó ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà kí ogun tó dé, kọ́kọ́ dé ní Oṣù Kejìlá 2015; àwọn yòókù bá a níbẹ̀ ní 2016.

Ohun tó wú mi lórí jù rèé. Inú ilé ìdáná ni bàbá ti tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ṣokoléètì náà lọ sí ọjà àwọn àgbẹ̀, ó tà wàràwàrà. Ni àwọn aládùúgbò bá dìde, wọ́n bá wọn kọ́ ilé iṣẹ́ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ní 2016 kan náà, nígbà tí iná jó ìlú Fort McMurray ní apá ibòmíràn ní Kánádà, ìdílé yìí fi lára èrè wọn ránṣẹ́ síbẹ̀. Nígbà tó di 2017, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tó tóbi, wọ́n sì gba àwọn ará ìlú síṣẹ́.

Lójú tèmi, owó ìrànwọ́ nìkan kò lè ṣe èyí. Oníbàárà àkọ́kọ́ àti aládùúgbò tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ni àlejò nílò jù, àwọn ìlú kékeré sì ní méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fojú sọ́nà sí Kánádà, ẹ má wo Toronto nìkan. Pictou County tó múlé ti Antigonish wà lára agbègbè 14 tí ìjọba yàn ní 2025 fún ètò tó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ láti òkèèrè láyè láti wá gbé ní ìgbèríko. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín. Òfin Nova Scotia kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láti bá a wá iṣẹ́. Ẹ má sanwó fún ẹni tó bá ní òun ń ta ìwé náà.