Máàpù Àjọyà: Ẹ̀kọ́ tí Ìmìtìtì Ilẹ̀ Haiti Kọ́ Aráyé

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì ní orílẹ̀-èdè Haiti. Ilé wó lulẹ̀, ẹ̀mí tó ju 100,000 lọ sì ṣòfò. Nígbà tí àwọn adóòlà ẹ̀mí ń lọ sí Port-au-Prince, olú-ìlú ibẹ̀, ọ̀pọ̀ òpópónà ìlú náà ni kò sí nínú máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mọ ọ̀nà kò lè tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé wó lù.

OpenStreetMap ni ọ̀pọ̀ wọn gbára lé. Steve Coast ló dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004, ẹnikẹ́ni ló sì láǹfààní láti fi ọ̀nà, odò tàbí ilé tó mọ̀ kún un. Ọgọ́rọ̀ olùyọ̀ǹda ara ẹni, tí púpọ̀ wọn kò dé Haiti rí, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lórílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n ń wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, wọ́n sì ń fa ìlà sórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, máàpù náà kún, àwọn adóòlà sì ń fi í rìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí á ya máàpù, ọ̀tọ̀ ni kí á fi í ṣe ìṣirò. Ilé mélòó ni kò jìnnà sí odò ju 30 mítà lọ? Ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ wọn jù? Ibí ni Jupyter ti wúlò. Ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ni, nínú èyí tí àlàyé, àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, àti máàpù tó jẹ́ èsì wọn ti ń tẹ̀ léra. Ẹlòmíràn lè ka ìṣirò náà, kó tún un ṣe, kó sì tọ́ka sí àṣìṣe. Èyí tí wọ́n ń pè ní JupyterGIS tún ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣiṣẹ́ lórí máàpù kan ṣoṣo nígbà kan náà.

Síbẹ̀, sátẹ́láìtì lè fi òrùlé hàn, kò lè sọ orúkọ àdúgbò. Onílé ló mọ ìyẹn. Àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò yà, òfo ni kọ̀ǹpútà yóò kà síbẹ̀, bí èrò tilẹ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Nítorí náà, kò yẹ kí iṣẹ́ máàpù dúró di ọjọ́ tí àjálù bá dé.