ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ: BÍ A ṢE Ń TÚN ÀÀRÒ BÚRẸ́DÌ ṢE

Ààrò búrẹ́dì ni ààrò ńlá tí a fi bíríkì àti amọ̀ mọ, tí orí rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ní 1921, Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó. Lónìí, ní àdúgbò bí Àgùdà ní Sùúrùlérè, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn bẹ̀rẹ̀ ọjọ́.

Igi ni a ń dá sínú ààrò yìí títí bíríkì yóò fi gbóná janjan. Lẹ́yìn èyí, a ó kó ẹyin iná kúrò, a ó gbá eérú, a ó ti búrẹ́dì sínú rẹ̀, a ó sì sé ẹnu rẹ̀. Ooru tí bíríkì fà mọ́ra ni ó ń yan búrẹ́dì. Bí ògiri kò lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bí ààrò kò sì sán, ooru kò lè jò. Ààrò tí ó sán a máa jẹ igi púpọ̀, búrẹ́dì a sì máa jóná lápá kan, kí apá kejì má jinná.

Bí a bá fẹ́ tún un ṣe, a ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Lẹ́yìn náà, a ó yọ bíríkì tí ó ti fọ́ àti amọ̀ tí ó ti gbó. A ó wọ́n omi sí ojú ibẹ̀, kí bíríkì gbígbẹ má baà fa omi inú amọ̀ tuntun. A ó po amọ̀ mọ́ yanrìn, nítorí amọ̀ nìkan a máa sún kì, a sì máa sán bí ó bá ń gbẹ. A kì í lo sìmẹ́ǹtì lásán, nítorí ooru líle a máa fọ́ ọ.

Níkẹyìn, a ó jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, a ó sì máa dá iná kékeré tí a ó máa fi kún díẹ̀díẹ̀. Bí a bá dá iná ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, omi inú amọ̀ yóò di oru, yóò sì la ògiri.

Ibí yìí ni sùúrù ti ṣòro jù. Ọjọ́ tí ààrò kò bá gbóná, ẹni tí ń po ìyẹ̀fun kò rówó gbà, ẹni tí ń kiri kò rí ọjà gbé. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kánjú yóò tún padà ra bíríkì.

Àkíyèsí: Ẹ ṣe àkíyèsí pé a sọ ìdí tí a fi ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó mú kí ó jẹ́ àlàyé.