Àlejò Tí Ó Di Ọmọ Onílé: Fáírọ́ọ̀sì Àjogúnbá àti Àrùn Tí Ara Fi Ń Bá Ara Rẹ̀ Jà

Bí àwọn àgbà bá ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà, ọ̀tá inú ilé ni wọ́n sábà ń bá wí. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń béèrè nísinsin yìí bóyá òwe náà kò bá DNA wa gan-an mu.

DNA ni ìwé àṣẹ tí a jogún lọ́dọ̀ baba àti ìyá, tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ara iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ní ọdún 2001 ni a kọ́kọ́ tẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé yìí jáde fún aráyé. Ohun tí a bá níbẹ̀ ya ni lẹ́nu: bí ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ ni ó jẹ́ àwókù fáírọ́ọ̀sì, nígbà tí apá tí ń pàṣẹ bí a ó ti ṣe àwọn pùrótéènì ara kò tó ìdá 2.

Báwo ni fáírọ́ọ̀sì ṣe di ogún? Àwọn kan wà tí a ń pè ní rẹtirofáírọ́ọ̀sì. Ẹbí wọn ni kòkòrò tí ń fa àrùn éèdì. RNA ni wọ́n fi kọ ìwé tiwọn. Ní 1970, Howard Temin àti David Baltimore, olúkúlùkù ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀, ṣe àwárí èròjà tí wọ́n fi ń yí RNA yìí padà sí DNA, kí wọ́n tó kì í bọ àárín DNA ẹni tí wọ́n wọ̀ lára. Bí ó bá wá ṣe pé sẹ́ẹ̀lì tí yóò di àtọ̀ tàbí ẹyin obìnrin ni wọ́n wọ̀, ọmọ tí a bá ti ibẹ̀ bí yóò jogún wọn, àrọ́mọdọ́mọ yóò sì jogún wọn. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí ènìyàn tó di ènìyàn. (Kòkòrò éèdì ní tirẹ̀ kò tíì di ogún báyìí.)

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti di ahoro, kò lè ràn mọ́. Àwọn díẹ̀ tilẹ̀ ń ṣe wá lóore. Ní 2000 a rí i pé syncytin, pùrótéènì kan tí ń so àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ pọ̀ nínú aboyún, ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ tí a ń pè ní HERV-W ni a ti jogún rẹ̀. Àlejò tí ń bá ni tọ́jú ọlẹ̀ inú, ta ni yóò lé e?

Ṣùgbọ́n HERV-W yìí kan náà ní ẹ̀dà mìíràn tí ń kọ àwọn onímọ̀ lóminú. Ara ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, tí ń mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí àjèjì. Nínú àrùn bíi lupus, àtọ̀gbẹ irú kìíní àti multiple sclerosis, ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kọjú ìjà sí onílé fúnra rẹ̀. Nínú multiple sclerosis, ohun tí ó bo iṣan ọpọlọ àti ti ògóóró ẹ̀yìn, bí rọ́bà ti ń bo wáyà iná, ni wọ́n ń bó dànù. Ojú aláìsàn lè di bàìbàì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má gbé e mọ́. Ní 1989, Hervé Perron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, rí ohun tí ó jọ rẹtirofáírọ́ọ̀sì nínú sẹ́ẹ̀lì tí a mú lára irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ẹ̀yìn ìgbà náà fi hàn pé ẹbí HERV-W ni. Èrò wọn ni pé ilẹ̀kùn wà ní títì mọ́ irú ogún yìí. Bí nǹkan bá ṣí i, pùrótéènì rẹ̀ yóò jáde, ẹ̀ṣọ́ yóò rí ojú àjèjì lára ọmọ onílé, ìjà yóò sì dé.

Ṣé òun ni ó dá iná náà, tàbí èéfín iná ni a ń rí? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbé le, nítorí àìsàn fúnra rẹ̀ lè jí àwọn fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí. Ní 1997 àwọn kan ní Geneva kéde pé ó jọ pé àwọn ti rí èyí tí ń fa àtọ̀gbẹ irú kìíní. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi rí ohun kan náà lára àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá. A tún ti dán oògùn temelimab, tí ń gbá pùrótéènì HERV-W mú, wò lára àwọn tí ó ní multiple sclerosis. Kò dín ọgbẹ́ tuntun inú ọpọlọ kù bí a ti retí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpọlọ àwọn tí ó lo ìwọ̀n tí ó pọ̀ jù dà bí ẹni pé kò súnkì tó ti àwọn yòókù.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ "àjogúnbá" a máa dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ẹbí baba a ní ọ̀dọ̀ ìyá ni ó ti wá. Ẹbí ìyá a sì dá a padà fún wọn. Ogún tí mo ń sọ yìí, kò sí ìdílé tí kò ní i. Ẹni tí ara rẹ̀ le àti aláìsàn ni wọ́n jọ jẹ ẹ́. Ohun tí a ń wá ni ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ọ̀kan tí a fura sí ni fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr, tí ó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà ní gbogbo ayé. A ti rí i ní ibi àyẹ̀wò pé ó lè jí HERV-W. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Harvard, tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tí ó ju mílíọ̀nù 10 lọ, fi hàn pé ewu multiple sclerosis di ìlọ́po 32 lẹ́yìn tí Epstein-Barr bá ti wọ ara. Ẹ̀jẹ̀ tí a ti gbà pamọ́ ṣáájú àìsàn ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí ó kọ́kọ́ dé. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni a ó fi mọ̀ bóyá HERV-W ti jí kí iṣan tó bẹ̀rẹ̀ sí bó, tàbí ariwo ìjà ni ó jí i.