Ìwé Ọjà Kan Náà ní Múṣin àti Sùúrùlérè

Ní ọdún 2010 ni wáyà MainOne gba abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Potogí wọ Èkó. Ní 2013, wọ́n ri irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ káàkiri Yábàá. Èrè wo ni íntánẹ́ẹ̀tì yìí ń mú wá fún oníṣòwò? Ẹni tí ó ní ìsọ̀ ní Múṣin àti Sùúrùlérè lè ní ìwé ọjà kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ àpò gàrí tí wọ́n tà ní Múṣin sínú rẹ̀, ti Sùúrùlérè yóò rí i lójú ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń kó gàrí wá, bí a bá gbà á láàyè, yóò mọ̀ láti abúlé pé ọjà ń tán. Owó dátà kò kéré, òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀ tí yóò máa fi ṣí ìwé náà, kí a lè mọ ẹni tí ó kọ iye kan àti ẹni tí ó pa á rẹ́. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ti ọ̀nà rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà gan-an.